Bíráúsà wo lẹ máa fi wọ báńkì? Ohun tí òfin ń béèrè, àti bí ẹ ṣe máa ṣètò tiyín

Tí ojú ìwé báńkì bá sọ pé bíráúsà yín (ìyẹn irinṣẹ́ tí ẹ fi ń ṣí ojú ìwé, bíi Chrome tàbí Firefox) kò bá òun mu, ohun mẹ́ta ló lè fà á. Ó lè jẹ́ pé òfin ìlú tí báńkì náà wà ló pa á láṣẹ. Ó lè jẹ́ pé bíráúsà yín ti gbó. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó ṣe ojú ìwé náà kò dán an wò lórí ju bíráúsà kan lọ, ló bá ní kí gbogbo ayé máa lo èyí tó wà lórí tábìlì òun. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Ohun tí báńkì bá ti ní kí wọ́n fi sórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa fi sí i, ààbò tó bá ní kí wọ́n pa ni wọ́n máa pa, torí wọ́n gbà pé báńkì ò ní sọ ọ́ lásán. Ó máa ń sọ ọ́ lásán nígbà míì. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan Settings, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí àṣẹ náà ti wá.

Oríṣi méjì ni òfin ààbò báńkì. Ọ̀kan ń sọ ohun tó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀: ẹ rí i dájú pé oníbàárà gan-an ló ń sanwó yìí. Bí báńkì ṣe máa ṣe é, ọwọ́ báńkì ló kù sí. Èkejì ń dárúkọ irinṣẹ́: irú àrokò báyìí (ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń di ọ̀rọ̀ kí ẹlòmíì má lè kà á) ni kí ẹ lò, irú ìwé ẹ̀rí báyìí ni kí oníbàárà mú wá. Oríṣi kejì yìí ló ń so èèyàn mọ́ bíráúsà kan, irinṣẹ́ náà sì máa ń gbó tipẹ́tipẹ́ kí òfin tó yí padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gúúsù Kòríà

Kò síbi tí èyí ti hàn kedere tó Gúúsù Kòríà, ó sì yẹ kí ẹ mọ ìtàn náà, torí irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ báńkì ṣì ń gbé lé oníbàárà lọ́wọ́ jọ tibẹ̀ gan-an.

Ní àwọn ọdún 1990, òfin Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí àrokò kọ̀ǹpútà tó lágbára jáde nílùú. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú ohun ìjà ni wọ́n fi ń mú un. Bíráúsà tí wọ́n ń kó lọ sókè òkun, bíi Netscape àti Internet Explorer, ní kọ́kọ́rọ́ àrokò bíìtì 40 péré (bí bíìtì bá ṣe pọ̀ tó ni àrokò ṣe máa ń ṣòroó tú tó), nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ń lo bíìtì 128. Kọ́kọ́rọ́ bíìtì 40 ò lè dá olè dúró: ní 1997, ọmọ yunifásítì kan ní Berkeley fi nǹkan bíi kọ̀ǹpútà 250 tú ọ̀kan láàárín wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Gúúsù Kòríà ò lè fi owó àwọn èèyàn rẹ̀ sábẹ́ irú ìyẹn. Àjọ tó ń bójú tó ààbò ìsọfúnni níbẹ̀, KISA, bá ṣe àrokò tiwọn, tí wọ́n pè ní SEED, bíìtì 128, ní 1998. Nígbà tó di 1999, òfin ìbuwọ́lùwé orí kọ̀ǹpútà jáde, ó sì dá ìwé ẹ̀rí kan tí ìjọba fọwọ́ sí sílẹ̀. Fáìlì ni ìwé ẹ̀rí náà. Inú fódà kan tó ń jẹ́ NPKI ló ń gbé, lórí kọ̀ǹpútà tàbí lórí USB, wọ́n sì fi páswọ́ọ̀dù tì í.

Bíráúsà ìgbà yẹn ò mọ SEED rárá. Àfi kí báńkì fi irinṣẹ́ tirẹ̀ kún un, irinṣẹ́ tí wọ́n sì mú ni ActiveX, tó jẹ́ pé Internet Explorer orí Windows nìkan ló ń gbà á. Ní oṣù January 2000, Amẹ́ríkà tú òfin tirẹ̀ sílẹ̀, bíìtì 128 sì di ti gbogbo ayé. Ohun tó mú kí wọ́n ṣe SEED ti kúrò nílẹ̀, àmọ́ òfin ò kúrò, ActiveX náà ò kúrò. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ẹni tó bá ń lo Mac, Linux tàbí Firefox ò lè wọ àkáǹtì ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìpalára tó tóbi jù kọ́ nìyẹn o. Ìwà tó kọ́ àwọn èèyàn ló burú jù. Ó kọ́ wọn pé tí ojú ìwé bá ní "ẹ fi irinṣẹ́ ààbò yìí síbẹ̀", kí wọ́n tẹ Yes. Gbájúẹ̀ náà mọ gbólóhùn yẹn kọ. Fáìlì tó wà nínú fódà tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀ sì rọrùn láti kó: kòkòrò kọ̀ǹpútà tó bá ráyè wọlé á ṣe ẹ̀dà NPKI, á wá jókòó de ìgbà tí ẹ bá tẹ páswọ́ọ̀dù.

Wọ́n ń tú u ká díẹ̀díẹ̀. Títí di 2014, ìwé ẹ̀rí náà pọn dandan fún ẹni tó bá fẹ́ ra ọjà tó lé ní 300,000 won lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù March ọdún yẹn, Ààrẹ Park Geun-hye fúnra rẹ̀ ráhùn pé àwọn ará Ṣáínà tó rí aṣọ kan nínú eré tẹlifíṣọ̀n Kòríà ò rọ́nà rà á. Wọ́n mú dandan náà kúrò lórí ọjà lọ́dún yẹn, wọ́n mú un kúrò lórí báńkì ní 2015, nígbà tó sì di December 10, 2020, òfin tuntun gba ipò àkànṣe lọ́wọ́ ìwé ẹ̀rí náà pátápátá. Àwọn bíráúsà ò dúró dè wọ́n ní tiwọn: Edge tó jáde ní 2015 ò gba ActiveX, Microsoft sì pa Internet Explorer 11 tì ní June 15, 2022.

Àmọ́ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ààbò ò kógbá wọlé. Wọ́n kàn sọ ActiveX di fáìlì .exe. Ẹ máa fi í sórí Windows, á máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ látìgbà tí ẹ bá ti tan kọ̀ǹpútà, á sì ṣí ojú kan sílẹ̀ ní àdírẹ́ẹ̀sì 127.0.0.1, ìyẹn inú kọ̀ǹpútà yín fúnra rẹ̀, kí ojú ìwé báńkì lè máa bá a sọ̀rọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tí ẹni tó ṣe irinṣẹ́ náà ò bá ṣọ́ra, ojú ìwé tí kì í ṣe ti báńkì náà lè bá a sọ̀rọ̀. Ní 2023, Wladimir Palant tó máa ń wádìí ààbò sọ́fítíwia tẹ àlàyé jáde lórí irú àlébù bẹ́ẹ̀ nínú mélòó kan lára wọn. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Gúúsù Kòríà kéde pé àwọn ará Àríwá Kòríà ti gba inú ihò kan nínú irú irinṣẹ́ yìí wọ kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn. Irinṣẹ́ ààbò ló wá di ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá òfin ni

Ẹ fi ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù wé ti Kòríà. Òfin PSD2 ló bí i, iṣẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní September 14, 2019. Kò dárúkọ bíráúsà kankan. Ó ní kí báńkì gba ẹ̀rí méjì nínú mẹ́ta: ohun tí ẹ mọ̀, bíi páswọ́ọ̀dù, ohun tó wà lọ́wọ́ yín, bíi fóònù, ohun tó jẹ́ ti ara yín, bí ìtẹ̀ka tàbí ojú. Ó ní kóòdù tí ẹ fi fọwọ́ sí owó gbọ́dọ̀ so mọ́ iye owó yẹn àti ẹni tó máa gbà á, débi pé tí ẹnì kan bá yí ọ̀kan nínú méjèèjì padà, kóòdù náà á bà jẹ́. Ó ní tí ẹ bá wọlé tí ẹ ò ṣe nǹkan kan fún ìṣẹ́jú 5, kí báńkì tì yín síta, àti pé àṣìṣe márùn-ún tẹ̀léra ti tó kó tilẹ̀kùn. Nítorí náà, báńkì Yúróòpù tó bá ń lé yín jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 ń pa òfin mọ́ ni. Ẹ má wulẹ̀ pààrọ̀ bíráúsà nítorí ẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn àjọ tó ń ṣọ́ báńkì ti sọ láti oṣù October 2005 pé páswọ́ọ̀dù nìkan ò tó fún iṣẹ́ báńkì tó léwu, àwọn náà ò sì dárúkọ irinṣẹ́. Ìlànà PCI DSS tí àwọn ilé iṣẹ́ káàdì gbé kalẹ̀ kì í ṣe òfin ìjọba, àmọ́ ẹni tó ń gba káàdì ò lè yẹ̀ ẹ́. Òun ló fi June 30, 2018 ṣe ọjọ́ tó kẹ́yìn fún SSL àti TLS 1.0, tí í ṣe ọ̀nà àtijọ́ tí bíráúsà fi ń di ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Àwọn bíráúsà ńláńlá náà ti TLS 1.0 àti 1.1 pa ní 2020. Tí ẹ bá rí ERR_SSL_VERSION_OR_CIPHER_MISMATCH lórí kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́, ibí yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Chrome fún àpẹẹrẹ ò fún Windows 7 àti 8.1 ní ẹ̀dà tuntun mọ́ láti oṣù February 2023. Ẹ̀dà 109 ló gbẹ̀yìn níbẹ̀. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ẹ má fi wọ báńkì.

Tí báńkì bá wá ní kí ẹ ṣe nǹkan kan, ẹ dán ohun mẹ́ta wò.

Àkọ́kọ́, ẹ ṣí áàpù báńkì náà lórí fóònù. Àkáǹtì kan náà ni, òfin kan náà ló dè é. Tí áàpù ò bá béèrè irinṣẹ́ tí ojú ìwé orí kọ̀ǹpútà ń béèrè, òfin ò fi bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ sí i. Báńkì ló yàn án.

Ìkejì, ẹ dán bíráúsà tó ní ẹ́ńjìnnì mìíràn wò; ẹ́ńjìnnì ni apá tó ń ka ojú ìwé tó sì ń gbé e jáde. Chrome, Edge, Opera, Brave àti Vivaldi, ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Firefox ní tirẹ̀, Safari ní tirẹ̀. Tí báńkì bá gba Chrome tó kọ Vivaldi, orúkọ ló ń wò, ọ̀rọ̀ ààbò kọ́. Lórí iPhone, Chrome àti Firefox pàápàá ń lo ẹ́ńjìnnì Safari lábẹ́. Nílẹ̀ Yúróòpù, òfin DMA, tó ń kó àwọn ilé iṣẹ́ ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì níjàánu, ti mú kí Apple fàyè gba ẹ́ńjìnnì mìíràn láti iOS 17.4, ní oṣù March 2024. Nítorí náà, ohun tí Safari bá kọ̀ lórí iPhone, ó ṣeé ṣe dáadáa kí Firefox náà kọ̀ ọ́.

Ìkẹta, ẹ ka ojú ìwé ìrànwọ́ báńkì náà, kí ẹ wo bóyá ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò ni "a dámọ̀ràn" àbí "ó pọn dandan". Bí ìyàtọ̀ náà ṣe kéré tó lórí ìwé, òun ló máa sọ bóyá ẹ lè kọ̀.

Bí ẹ ṣe máa ṣètò bíráúsà náà

Ẹ ya profáìlì kan sọ́tọ̀ fún báńkì nìkan. Profáìlì dà bíi yàrá tó dá dúró nínú bíráúsà kan náà: kúkì tirẹ̀ (àmì tí ojú ìwé fi sínú bíráúsà kó lè dá yín mọ̀), páswọ́ọ̀dù tirẹ̀, àfikún tirẹ̀ (irinṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní extension). Nínú Chrome àti Edge, ẹ tẹ àwòrán orí tó wà lókè, ẹ fi profáìlì tuntun kún un, ẹ má so ó mọ́ íméèlì kankan, ẹ sì fún un ní àwọ̀ pupa tàbí èyí tí ojú ò ní ṣì mọ̀. Nínú Firefox, ẹ tẹ about:profiles síbi tí ẹ máa ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì sí, kí ẹ wá tẹ Create a New Profile.

Ẹ má ṣe fi àfikún kankan sínú profáìlì yìí, títí kan èyí tó ń wá ọjà olówó pọ́ọ́kú àti èyí tó ń túmọ̀ èdè. Ìdí rẹ̀ rèé: àrokò ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ láàárín báńkì àti bíráúsà. Inú bíráúsà ni wọ́n ti ń tú u. Àfikún tí ẹ ti fún láṣẹ Read and change all your data on all websites jókòó síbi tí wọ́n ti tú u yẹn gan-an; ó ń rí páswọ́ọ̀dù bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó sì lè yí nọ́ńbà àkáǹtì tó wà lójú ìwé padà. Àfikún tó dáa lónìí lè di ti ẹlòmíì lọ́la tí wọ́n bá tà á, àpdéètì á sì wọlé fúnra rẹ̀. Ẹyọ kan tí mo lè gbà láyè ni èyí tó ń tọ́jú páswọ́ọ̀dù, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Ẹ wá tan ààbò tó wà nínú bíráúsà fúnra rẹ̀. Nínú Chrome, ẹ lọ sí Settings, Privacy and security, Security, kí ẹ tan Always use secure connections. Nínú Firefox, Settings, Privacy & Security, kí ẹ yan HTTPS-Only Mode fún gbogbo wíńdò. Ẹ pa notifications fún gbogbo ojú ìwé nínú profáìlì yìí.

Ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́ẹ̀sì báńkì láti ara ìwé tí báńkì fún yín, ẹ fi í sí bookmark, kó sì jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni ẹ ó máa gbà wọlé. Ẹ má ṣe máa wá orúkọ báńkì lórí Google kí ẹ tó wọlé. Ìpolówó ló máa ń wà lókè níbẹ̀, gbájúẹ̀ náà sì lówó ìpolówó. Àwọn àjọ kan ti ń fi òfin tọ́jú ibi yìí: ní January 2022, àjọ MAS tó ń bójú tó báńkì ní Singapore ní kí àwọn báńkì yọ línkì kúrò nínú SMS àti íméèlì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà, ní India sì rèé, àjọ RBI tó ń bójú tó báńkì níbẹ̀ ní kí àwọn báńkì kó lọ sórí àdírẹ́ẹ̀sì tó parí sí .bank.in kó tó di October 31, 2025. Oníbàárà ọ̀hún á mọ ìparí àdírẹ́ẹ̀sì tó yẹ kó wò.

Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán àgádágodo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì. Ohun tó ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yín lọ́nà. Kò sọ pé ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe olè. Chrome tiẹ̀ ti yọ ọ́ láti ẹ̀dà 117 ní 2023 torí àwọn èèyàn ń ṣì í lóye. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó máa ń hàn ní àwọ̀ ewé náà ti kúrò lójú Chrome àti Firefox láti 2019. Òfin Yúróòpù ti 2024 tí wọ́n ń pè ní eIDAS kejì wá ní kí bíráúsà gba ìwé ẹ̀rí kan tí ìjọba fọwọ́ sí, kó sì fi orúkọ ẹni tó ni ojú ìwé hàn. Lójú tèmi, ìyẹn tún ti fẹ́ jọ Kòríà: òfin tó ń sọ fún bíráúsà irú ìwé ẹ̀rí tó gbọ́dọ̀ gbà.

Tí ẹ bá fẹ́ yẹ ọ̀nà ìsopọ̀ wò fúnra yín, Firefox ló rọrùn jù. Ẹ tẹ àgádágodo, ẹ tẹ Connection secure, ẹ tẹ More information. Nísàlẹ̀, ẹ máa rí ọ̀rọ̀ bíi TLS_AES_128_GCM_SHA256, 128 bit keys, TLS 1.3. TLS 1.3 tàbí 1.2 ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Tí báńkì bá ní àfi kí ẹ fi sọ́fítíwia sí i

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Tí áàpù orí fóònù bá lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ lò ó kí ẹ gbàgbé kọ̀ǹpútà. Tí kò bá lè ṣe é, ẹ ṣe é báyìí lórí Windows.

Kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ netstat -ano | findstr LISTENING, kí ẹ ya àwòrán ohun tó bá jáde, ìyẹn àwọn ojú tó ṣí sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ tún ṣí certlm.msc, ẹ lọ sí Trusted Root Certification Authorities, Certificates, kí ẹ ya àwòrán orúkọ tó wà níbẹ̀, ìyẹn àwọn ìwé ẹ̀rí tí Windows gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ máa nílò méjèèjì lẹ́yìn náà.

Ẹ gba fáìlì náà láti inú bookmark báńkì nìkan, kì í ṣe láti línkì inú íméèlì. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máósì tẹ̀ ẹ́, Properties, Digital Signatures. Tí kò bá sí abala yẹn rárá, tàbí tí orúkọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti báńkì tàbí ti ilé iṣẹ́ tí báńkì dárúkọ, ẹ pa á rẹ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi í sí i, ẹ tún tẹ netstat yẹn. Ìlà tuntun tí àdírẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ inú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 127.0.0.1 ni ojú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ 0.0.0.0 ni àdírẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ náà burú jù bẹ́ẹ̀: kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà nìkan ló ti ń gbọ́, ẹni tó wà lórí Wi-Fi kan náà lè kàn án tí firewall, ìyẹn aṣọ́nà inú kọ̀ǹpútà, ò bá dí i. Nọ́ńbà tó wà ní ìparí ìlà ni ẹ máa wá nínú Task Manager, lábẹ́ Details, kí ẹ lè mọ orúkọ ẹni tó ni ín. Ẹ sì tún wo certlm.msc. Irú sọ́fítíwia yìí kan máa ń fi ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ sáàárín àwọn tí Windows gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ìwé ẹ̀rí yẹn bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè ṣe ojú ìwé èyíkéyìí, kí kọ̀ǹpútà yín sì gbà pé òótọ́ ni.

Ọ̀pọ̀ máa ń ní àwọn á ṣí orúkọ oníṣe (user account) mìíràn lórí Windows kan náà kí àwọn má bàa kó bá ara wọn. Ìyẹn ò tó. Sọ́fítíwia tó ń ṣọ́ kíbọ́ọ̀dù máa ń wọ ìsàlẹ̀ Windows, ibi tí gbogbo orúkọ oníṣe jọ ń lò. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ẹ tún fọ̀ mọ́, tí ẹ̀dà Windows rẹ̀ ṣì ń gba àpdéètì, ló dáa jù. Windows Sandbox tó wà nínú ẹ̀dà Pro náà dáa, torí ohun gbogbo inú rẹ̀ ló ń pòórá tí ẹ bá ti pa á, àmọ́ àwọn sọ́fítíwia kan ń kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ àfarawé. Ẹ má sì kó ti báńkì méjì pọ̀: tí méjì bá ń du kíbọ́ọ̀dù kan náà, lẹ́tà lè máa jáde ní ìlọ́po tàbí kó má jáde rárá.

Tí ẹ bá parí iṣẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò ní Settings, Apps, kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, kí ẹ wá fi netstat àti certlm.msc wé àwòrán àkọ́kọ́. Ìwé ẹ̀rí lè ṣẹ́ kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí sọ́fítíwia ti lọ. Ẹ pa á rẹ́ fúnra yín.

Báńkì tó ṣì ń béèrè Internet Explorer kù díẹ̀. Fún ìyẹn, Edge ní IE mode: Settings, Default browser, Allow sites to be reloaded in Internet Explorer mode. Ojú ìwé báńkì nìkan ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Ọjọ́ 30 ni ó ń lò kó tó paná fúnra rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kó máa paná.

Ẹ̀rí kejì

Tí báńkì bá fún yín ní yíyàn, passkey (kọ́kọ́rọ́ tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín ń tọ́jú, tí ẹ ń fi ìtẹ̀ka, ojú tàbí PIN ṣí) ló ṣáájú, kóòdù inú áàpù báńkì ló tẹ̀ lé e, SMS ló kẹ́yìn. Àjọ NIST tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti fi SMS sábẹ́ ìkìlọ̀ láti 2017, torí olè lè gba nọ́ńbà fóònù yín sórí síìmù tirẹ̀. Ní July 2024, àwọn báńkì Singapore kéde pé àwọn máa yọ kóòdù ẹ̀ẹ̀kan kúrò nínú wíwọlé fún àwọn oníbàárà tó ti ní tókìn orí fóònù.

Passkey lágbára torí pé àdírẹ́ẹ̀sì ló so mọ́. Tí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀ nínú àdírẹ́ẹ̀sì, bíráúsà ò ní mú un jáde, bó ti wù kí ojú ìwé náà jọ ti báńkì tó. Ìdí kan náà ló mú mi fàyè gba irinṣẹ́ tó ń tọ́jú páswọ́ọ̀dù. Tó bá kọ̀ láti kọ páswọ́ọ̀dù síbi tó máa ń kọ ọ́ sí tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì ná.

Tí kóòdù bá sì dé, ẹ ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Iye owó àti orúkọ tí òfin ní kí wọ́n so mọ́ kóòdù wúlò kìkì tí ẹ bá kà á. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà mẹ́fà nìkan ti sọ òfin náà di asán lórí ara rẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń bà jẹ́

Aago kọ̀ǹpútà tó ṣáájú tàbí tó gbẹ́yìn máa ń mú kí bíráúsà sọ pé ìwé ẹ̀rí tí ojú ìwé báńkì fi ń fi ara rẹ̀ hàn ti kú. Tí ti fóònù bá yà díẹ̀, kóòdù tó ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá 30 ò ní bá ti báńkì mu. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa gba àkókò fúnra wọn.

Tí káàdì bá dúró láàárín ọ̀nà pẹ̀lú ojú ìwé funfun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bíráúsà dí kúkì ilé iṣẹ́ tó ń yẹ káàdì wò. Ẹ gbà á láyè fún ojú ìwé yẹn nìkan.

Ẹni tó ń lo wíńdò àdáni (Incognito tàbí Private) ń pa kúkì rẹ́ nígbà gbogbo, ojú àlejò ni báńkì á sì máa fi wò ó lójoojúmọ́. VPN, irinṣẹ́ tó ń fi ibi tí ẹ wà pamọ́, náà lè mú kí báńkì rò pé ìlú mìíràn lẹ wà, kó sì tilẹ̀kùn. Ẹ pa á kí ẹ tó wọlé.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí báńkì

Tó bá jẹ́ pé owó ló ti lọ, ẹ má kọ́kọ́ máa wá ẹni tó jẹ̀bi láàárín bíráúsà àti báńkì. Ẹ pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, tí káàdì tàbí ohun ìwọlé yín bá sọnù tàbí tí wọ́n jí i, tí ẹ sì sọ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 2 tí ẹ mọ̀, ohun tó pọ̀ jù tí ẹ lè pàdánù ni $50. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ó lè di $500, tí ọjọ́ 60 bá sì kọjá lẹ́yìn tí àkọsílẹ̀ àkáǹtì jáde, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. PSD2 fi €50 ṣe òpin nílẹ̀ Yúróòpù, àyàfi tí oníbàárà bá lu jìbìtì tàbí tó ṣàìbìkítà gidi.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ bíráúsà tàbí sọ́fítíwia ni, ẹ kọ déètì àti aago, orúkọ bíráúsà àti nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà bó ṣe hàn gẹ́lẹ́, kí ẹ fi àwòrán ojú ìwé sí i, àmọ́ kí ẹ ti bo nọ́ńbà àkáǹtì. Kí ẹ wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: òfin wo, abala wo, ló ní kí n fi sọ́fítíwia yìí sórí kọ̀ǹpútà mi? Báńkì tí òfin dè máa dárúkọ abala náà. Tí ìdáhùn tó wá bá jẹ́ "fún ààbò yín", ẹ béèrè ọ̀nà mìíràn tí ẹ lè gbà sanwó láìfi í sí i, kí ẹ sì tọ́jú ìdáhùn náà pẹ̀lú àwòrán netstat yẹn.